Ẹṣin Alábùlẹ̀

Aberdeen, Scotland
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, 2025

Safurat, àbúrò mi,

O kú ilé, o kú bí ooru ṣe ń mú ní Ọ̀yọ́. Òtútù ibí ò tíì jẹ́ kí n mọ̀ pé oṣù kẹrin ti dé. Bushrah ọmọ mi wà dáadáa, ọmọ tuntun rẹ̀ náà wà dáadáa. Èmi náà wà, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò, àti ti àyà mi tó máa ń já nígbàkigbà tí fóònù bá dún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Bí mo bá pè ọ́, mi ò ní sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí wàá fi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, bẹ́ẹ̀ ìwọ lo gé e. Lẹ́tà ò ṣeé gé. Bushrah á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí Raliat ọmọ rẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, Raliat á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, á fún dírẹ́bà tó bá ń ti ibẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọ̀nà yẹn náà ni kí tìrẹ gbà padà wá.

Mo rí fọ́tò ẹṣin tí o ní kí n fi owó ránṣẹ́ lé lórí. Mo kọ́kọ́ rò pé gíláàsì ojú mi ló dọ̀tí. Mo nù ún. Mo tún un nù. Ẹṣin ọ̀hún pọ́n láti orí dé ìrù, àfi ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀ tó funfun róbótó róbótó, bí ṣòkòtò tí télọ̀ fi aṣọ ẹlòmíràn tún ṣe. Safurat, ta ló lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ẹṣin yìí lára?

O mọ ohun tó wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí ẹṣin ilé wa ti kú, a ti lọ sí Yídì lọ́dún kan láìmú ẹṣin dání. Bí a bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, àyè wa nínú ìlà àwọn ẹlẹ́ṣin bọ́ nìyẹn, àwọn ará ilé Ògúnwùmí ni yóò sì bọ́ sí lọ́wọ́. Wọ́n ti gbé ẹnu sókè de ibẹ̀. Èmi ni mọ́gàjí, kò ní ṣẹlẹ̀ lójú tèmi. Mò ń bọ̀ wálé ní Iléyá yìí láti gun ẹṣin náà fúnra mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin kò ní gun àkísà.

Lọ béèrè ohun tó ṣe é lára. Tètè dá mi lóhùn, nítorí mi ò ní sùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Abdulkareem Àlàmú, Mọ́gàjí


Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹrin, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú àárò ilé. A ń jí, a ń sùn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó dáa bí ẹ ṣe rí ẹni kọ lẹ́tà ẹ̀gàn sí, nítorí ìlú tí ẹ wà yẹn ò jọ ibi tí èèyàn ti lè rí ẹni bá jà.

Ẹ ní kí n béèrè, mo ti béèrè. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sọ̀kalẹ̀ ní Takie, Raliat wá pàdé mi, ó di ilé Baba Ṣàngódèyí tó ni ẹṣin, lẹ́yìn Ọjà Igbó. Òun ló máa ń gbé ẹṣin fún àwọn ọkọ ìyàwó láti yàwòrán lórí ẹ̀. Mo ní, "Baba, kí ló ṣe ẹṣin yìí lẹ́yìn?"

Ó ní, "Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, Alhaja. Ẹ̀yà ọlọ́lá ni."

Mo ní, "Ọlá wo ló ń yọ ní róbótó?"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ó dáa, làpálàpá ló mú un nígbà ọyẹ́. Irun ibẹ̀ re, ó sì tún hù, àmọ́ funfun ló bá dé.

Mi ò gba ẹnu rẹ̀ gbọ́. Mo lọ pe dókítà ẹranko tó tọ́jú rẹ̀. Ó ha irun díẹ̀ lára ẹṣin, ó gbé e lọ wò, ó sì padà wá sọ fún wa pé ara rẹ̀ ti mọ́, a lè rà á. Ṣùgbọ́n ó ní gbogbo ohun tí ẹṣin náà ti lò, gàárì, aṣọ abẹ́ gàárì, okùn, búrọ́ọ̀ṣì, kí a má mú ìkankan bọ̀ wálé. Làpálàpá lè sùn sára wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ní, "Màmá, ẹṣin ti sàn, ẹrù rẹ̀ ni ò tíì sàn."

Gàárì ilé wa àtijọ́ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n tuntun wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ awọ níbí. Ismaheel ọmọ àbúrò bàbá wa sì ní òun á máa tọ́jú ẹṣin náà. Kí n rà á, àbí kí n fi sílẹ̀? Ẹ má fi Iléyá rò ó o. Àti pé bàtà tí ẹ fi ránṣẹ́ níjọ́sí, ẹsẹ̀ òsì méjì ni. Ta ni mo ní kó máa wọ̀ ọ́?

Àbúrò yín,
Safurat


Aberdeen
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹrin, 2025

Safurat,

Mo kí ọ, mo kí Raliat, mo kí Ismaheel bó bá ti jí. Láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé, oorun ò kùn mí. Làpálàpá! Nínú gbogbo ẹṣin tó wà láti Ọ̀yọ́ títí dé Ìlọrin, èyí tó ń yún lo rí. Orí ọmọ tí kì í wẹ̀ la ti máa ń rí làpálàpá nígbà tí à ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yìn ẹṣin mọ́gàjí ló wá kàn báyìí.

Ṣùgbọ́n Iléyá ti sún mọ́lé, o ò sì rí òmíràn. Rà á. Bí o bá ti rà á, so ó sí ẹ̀yìnkùlé lọ́tọ̀. Kí ewúrẹ́ má sún mọ́ ọn. Kí àwọn ọmọdé má fọwọ́ kàn án. Kí Ismaheel máa fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ kó tó jẹun, bó bá jẹ́ pé ó máa ń fọ ọwọ́. Ìwọ fúnra rẹ, máa yẹ abẹ́ ìrù rẹ̀ wò láràárọ̀, máa yẹ ẹ̀yìn etí rẹ̀ wò. Bí ó bá fi ara ha ògiri, kọ̀wé sí mi kíá.

Ọ̀rọ̀ dókítà yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹṣin ti sàn, ẹrù rẹ̀ ò tíì sàn! Ṣé o gbọ́ ohun tí o kọ? Ohun tó ní ẹ̀jẹ̀ lára ló ń ṣàìsàn. Mo ka bàọ́lọ́jì dé ìwé karùn-ún, mi ò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé aṣọ ṣàìsàn. Lọ wádìí dókítà náà dáadáa, ó ní àbúrò kan níbì kan tó ń rán gàárì.

Ta ló sì ń ra ẹṣin láìgba èènì? Ẹni tó ra ẹ̀wà ń gba èènì. Ẹni tó ra ata ń gba èènì. Ìwọ fẹ́ ra odidi ẹṣin, alábùlẹ̀ pàápàá, kí o sì máa fà á bọ̀ ní ìhòòhò láti Ògbómọ̀ṣọ́? Bàbá wa gba gàárì àti ìjánu lé ẹṣin tó rà kẹ́yìn, gbogbo àdúgbò ló sì gbọ́. Sọ fún Ṣàngódèyí pé gàárì rẹ̀ àti aṣọ abẹ́ rẹ̀ ni kó fi ṣe èènì. Bí kò bá fẹ́, kó gbé ẹṣin rẹ̀, kó máa yàwòrán lọ. Mi ò ní jẹ́ kí àwọn ará ilé Ògúnwùmí gbọ́ pé wọ́n ta ọjà fún ilé wa láìfún wa ní èènì, bíi pé ọmọdé ni a rán lọ.

Ti bàtà yẹn, Bushrah ni kí o bá wí.

Abdulkareem Àlàmú, Mọ́gàjí


Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìfòyà o. Ẹṣin ti dé. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ ò sún mọ́ ọn, àwọn ọmọdé ń wò ó láti ojú fèrèsé bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Mo jẹ́ iṣẹ́ èènì tí ẹ rán mi. Baba Ṣàngódèyí wò mí títí. Ó ní, "Alhaja, dókítà ní kí n jó wọn."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Scotland ní kí ẹ má jó wọn."

Ó ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ nípa ẹṣin ni?"

Mo ní, "Ó mọ̀ nípa èènì."

Raliat rẹ́rìn-ín débi tó fara ti ògiri. Bàbá náà ò sì jiyàn mọ́. Ó gbé gàárì àti aṣọ rẹ̀ jù sínú ọkọ̀ wa bí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Ìyẹn gan-an ni ò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Èmi tí mo ti ń tajà láti ìgbà èwe, mi ò tíì rí ẹni tó fúnni ní èènì tí kò kùn.

Kí n má parọ́, aṣọ náà rẹwà. Àrán pupa ni, wọ́n fi òwú wúrà ká etí rẹ̀. Gbogbo obìnrin ilé ló ti fọwọ́ pa á lára. Mo ń gbé e sá sóòrùn lójoojúmọ́, ohun tí mo lè ṣe nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ tèmi, ẹ jẹ́ kí n ṣì ra tuntun. Ẹ ò ní gbọ́, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ẹṣin fúnra rẹ̀ níwà ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ó ń jẹ koríko, ó ń jẹ ọkà bàbà, kì í kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi mú ìpara ẹsẹ̀ dání, kì í ṣe èyí tó ń rùn bí ilé ìwòsàn.

Safurat


Aberdeen
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù karùn-ún, 2025

Safurat,

O ṣé. Ṣé o wá rí i? Ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo láti òkè òkun, Ṣàngódèyí ti tú ẹrù sílẹ̀. Má ra gàárì kankan.

Kí Ismaheel máa di ẹṣin náà ní gàárì lójoojúmọ́, àrán àti gbogbo rẹ̀, kó máa gùn ún kiri àdúgbò títí á fi mọ́ ọn lára. Mi ò fẹ́ kó gbé mi ṣubú lójú àwọn ará ilé Ògúnwùmí. Mo lálàá lánàá pé ó gbé mi wọnú ilé oníbúrẹ́dì, n kò sì rí ọ̀nà jáde. Kó tún kọ́ ọ láti má bẹ̀rù ariwo. Kó kọ́ ọ láti má sáré. Kó kọ́ ọ láti dúró, èyí ló ṣe pàtàkì jù.

Bushrah ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí oṣù yìí bá parí ni màá wọ bàálù. Ṣé eku ò tíì jẹ láwàní mi? Lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Abdulkareem Àlàmú, Mọ́gàjí


Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Lánàá, Ismaheel tú gàárì lẹ́yìn ẹṣin, ó sì pariwo pè mí. Irun ti ń re ní róbótó róbótó. Kì í ṣe níbi funfun àtijọ́ o, ibi tuntun ni. Kò sí ní ẹ̀yìn etí, kò sí lábẹ́ ìrù tí ẹ ní kí n máa yẹ̀ wò láràárọ̀ bí ọlọ́pàá. Ibi tí àrán yín jókòó lé nìkan ni. Èmi tí mo ń gbé àrán náà sá, róbótó kan ti wà ní apá mi ọ̀tún, ó ń yún mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ismaheel náà ní tiẹ̀, ibi tó wà ni mi ò lè kọ sínú lẹ́tà tí mọ́gàjí máa kà.

Dókítà ẹranko wá. Kò tilẹ̀ tíì dé ọ̀dọ̀ ẹṣin tó fi rí àrán lórí okùn ìsáṣọ. Ó dúró. "Màmá, kí ni mo sọ?"

"O ní kí a má mú un wálé."

"Ta ló wá ní kí ẹ mú un wálé?"

Mo ní, "Bàọ́lọ́jì ìwé karùn-ún ni."

A ti jó gàárì, a ti jó àrán, a ti jó okùn. Ó fún wa ní oògùn tí a ó máa fi wẹ ẹṣin àti èyí tí a ó máa fi pa ara tiwa. Ó ní a ò gbọdọ̀ di ohunkóhun lé e lẹ́yìn títí ibẹ̀ á fi jinná, ìyẹn á sì kọjá Iléyá. Kò sì gbọdọ̀ fara kan ẹṣin mìíràn.

Àwọn ará ilé Ògúnwùmí ti gbọ́. Àgbà wọn kan ń kọjá láàárọ̀ yìí, ó ní, "Safurat, wọ́n ní ẹṣin yín wọ àrán títí ara fi ń yún un." Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Èmi!

Ẹ wálé, ẹ̀gbọ́n mi. A lè má gùn ún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà níbẹ̀, tí ẹ dúró tì í, ta ni yóò sọ pé ilé wa ò mú ẹṣin wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n dá kojú wọn.

Safurat


Aberdeen
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 2025

Safurat,

Mo ti sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti rí fọ́tò yẹn ni mo ti sọ pé ẹṣin yẹn ò dáa. Àrán wo? Lára ẹṣin ni làpálàpá ti kó sí àrán, ẹ má dá aṣọ lẹ́bi. Ẹ sì jó ohun tó dáa bẹ́ẹ̀ láìbi mí!

Mo ti ní kí Bushrah dá tíkẹ́ẹ̀tì padà. Ọmọ tuntun ló wà nílé yìí. Ṣé kí n wá gbé làpálàpá Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ fún ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yún ara? Bí wọ́n bá wá rí róbótó lọ́rùn mi ní pápákọ̀ òfuurufú ńkọ́? Wọ́n á tì mí mọ́ yàrá kan, wọ́n á máa bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ wá ṣe nílé? Kí n máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin ẹlẹ́yún, kí àwọn ará ilé Ògúnwùmí máa bojú wẹ̀yìn wò mí?

Má mú ẹṣin yẹn jáde. Tà á, tàbí kí o dá a padà fún Ṣàngódèyí. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé Ismaheel wọ́ ọ lọ sí Yídì ní orúkọ mi. Ẹ jókòó sílé. Kọ̀wé kí n mọ̀ pé o gbọ́.

Má fi èékánná yún apá rẹ o.

Abdulkareem Àlàmú, Mọ́gàjí


Aberdeen
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà, 2025

Safurat,

O ò fèsì. Raliat ní dírẹ́bà ti gbé lẹ́tà mi dé ọwọ́ rẹ. Mo pè ọ́ lórí fóònù, wò ó bí mo ṣe rẹ ara mi sílẹ̀ tó, o ò gbé e.

Apá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti tàn kálẹ̀ ni? Mo rò ó pé àìsàn ló dá ọ gúnlẹ̀. Mo tún rò ó pé ẹ ti ta ẹṣin. Mo tún wá rò ó pé ẹ ò tà á, ìyẹn ló burú jù. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Iléyá. Bí o bá ń bínú, máa bínú lórí bébà. Kọ ọ̀rọ̀ kan péré.

Abdulkareem


Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọwọ́ mi ò dilẹ̀ ni mi ò fi kọ̀wé. Bí ọ̀kan ṣe ń wẹ ẹṣin ni ìkejì ń yún ara.

Mo mú un jáde.

Ismaheel fi okùn tuntun fà á, òun fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn níwájú. Kò sí gàárì, kò sí àrán. Oògùn funfun la pa sí i lẹ́yìn, ó sì ń rùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín wa láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé títì. Obìnrin kan ní, "Ẹ rọra o, ẹ má pẹ́ dé ọsibítù." Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

A dé ibi tí wọ́n ti ń to ìlà. Àgbà ilé Ògúnwùmí nà tàntàn lórí ẹṣin tirẹ̀, ó ní, "Ẹṣin tí ẹnikẹ́ni ò gùn, ẹṣin kọ́ nìyẹn. Àyè yìí ti di tiwa."

Mo wà láàárín àwọn obìnrin tó ń wòran. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. "Baba, ṣé ẹṣin ni wọ́n ní kí a mú wá ni, àbí ìdí?"

Gbogbo ibẹ̀ dà rú fún ẹ̀rín. Bàbá tó ń to ìlà, ẹ mọ̀ pé òun kì í rẹ́rìn-ín, ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó ní, "Ó tọ̀nà. Ẹṣin la máa ń kà." Ó ní kí Ismaheel bọ́ síbi tó jẹ́ tiwa.

Inú bí àgbà Ògúnwùmí. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á kúkú dúró tì wá, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, kí gbogbo èèyàn lè fi ẹṣin wé ẹṣin. Ismaheel dá a lóhùn jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa: "Ẹ máa bọ̀, sà. Ó máa ń ràn."

Ẹ ò bá rí i bí wọ́n ṣe fà sẹ́yìn! Àwọn tó wà níwájú sáré síwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn dúró gbọnin. Kò sí olóyè tí wọ́n fi àyè tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún lọ́jọ́ náà. Ismaheel nìkan, ẹṣin nìkan, ní àárín títì, bí ẹni pé gbogbo ìlú ló yà fún wọn. Ẹṣin náà ò sì ṣe bí ẹni tí ojú ń tì. Ó gbé ọrùn sókè títí dé Yídì.

Àyè wa wà níbẹ̀, kò bọ́. Wọ́n béèrè mọ́gàjí. Mo ní ó wà ní Scotland, ó ń ṣọ́ra kí nǹkan má ràn án. Láti ìgbà náà, Ismaheel ni wọ́n ń kí. Bí ó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ẹlẹ́ṣin, a kí ẹ." Mi ò ní kí wọ́n máa kí i. Mi ò sì ní kí wọ́n yé.

Apá mi ti ń gbẹ.

Safurat


Aberdeen
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, 2025

Safurat,

O kú ọdún. Mo ti ka lẹ́tà rẹ. Bushrah náà kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Mo ní kí o má mú un jáde, o mú un jáde. Àfojúdi ni. O dúró láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, o ń dárúkọ ìdí àgbàlagbà. Ti Ismaheel ló wá burú jù. Ta ló kọ́ ọ pé ká máa fi àìsàn dẹ́rù ba ẹni tó wà lórí ẹṣin? Ìyẹn ò sí lára ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Kí sì ni wọ́n ń kí i fún? Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Gbogbo èèyàn ló ń fẹsẹ̀ rìn. Kí ló wọ̀ lọ́jọ́ náà? Ṣé láwàní mi ló wé? Dá mi lóhùn èyí lọ́tọ̀.

Má ta ẹṣin náà, má sì dá a padà fún ẹnikẹ́ni. Bushrah ti fi owó oògùn ránṣẹ́ sí Raliat. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti jinná, kí o pe àwọn oníṣẹ́ awọ wá wọ̀n ọ́n, kí gàárì tuntun lè bá a mu. Ṣé òjò kì í pa á níbi tó wà? Ṣé ó tún ń gbé ọrùn sókè bẹ́ẹ̀ nílé, àbí ti ọjọ́ yẹn nìkan ni?

Mo ti ní kí Bushrah wá tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Títí n ó fi dé, kí Ismaheel máa fún un lómi, kó máa wẹ̀ ẹ́, kó máa fà á rìn nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kó má gùn ún. Safurat, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kó gun ẹṣin mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àlàmú